Àpótí Bàtà Tí Ìyá Onímú Kò Jẹ́ Kó Wọlé

Bí o bá fẹ́ wọ láàbù wa, imú obìnrin kan ni wàá kọ́kọ́ bá pàdé. Mi ò sọ àsọdùn. Obìnrin náà ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ẹnu ilẹ̀kùn kejì ló sì máa ń dúró sí láràárọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé àti fìlà tó bo gbogbo irun rẹ̀. Á ní kó o tẹrí ba. Á gbóòórùn ọrùn rẹ, á gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ, á ní kó o yí padà. Bó bá mi orí lẹ́ẹ̀kan, máa wọlé. Bó bá mi orí lẹ́ẹ̀mejì, padà sí balùwẹ̀, kò sì sí ẹjọ́ tó o fẹ́ rò. Ìṣojú mi ló ti dá olùdarí ilé ìwòsàn yìí padà lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí nǹkan olóòórùn tó fi pa àgbọ̀n lẹ́yìn tó fárùngbọ̀n tán.

Ìyá Onímú là ń pè é. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó fi pè é.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bi mí pé kí ni imú ń wá nílé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Àwọn tó ń wojú ọmọ, tí ọmọ ò tètè dé, ló ń wá sọ́dọ̀ wa. Dókítà á gba ẹyin lára ìyàwó, ọkọ á fi àtọ̀ sílẹ̀ nínú ike, ohun tó kù di ọwọ́ àwa ará láàbù. A ó pa méjèèjì pọ̀ nínú abọ́ pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju ẹnu ife lọ. Bí àtọ̀ náà kò bá lágbára láti wọlé fúnra rẹ̀, èmi ni máa jókòó sídìí máíkírósíkóòpù, máa di ọwọ́ ẹ̀rọ méjì mú lọ́tùn-ún lósì, máa fi abẹ́rẹ́ gíláàsì tó tín-ín-rín ju irun orí lọ mú ẹyọ kan ṣoṣo, máa sì rọra tì í sínú ẹyin. Èmi kì í mí nígbà náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, abọ́ á wọ inú ẹ̀rọ kan tí a fún ní orúkọ ìnagijẹ, ilé-ọmọ onírin. Yàrá kéékèèké mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, tọkọtaya kan sí yàrá kan. Ìlọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ara ìyá, afẹ́fẹ́ tó ń wọ ibẹ̀ ní òṣùwọ̀n, inú rẹ̀ sì ṣókùnkùn nítorí pé ikùn ìyá kì í mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹyin ti ń di ọlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì á ti pín sí mẹ́rin, ní ọjọ́ kẹta á di mẹ́jọ, bó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, á ti wú rùmù bíi bọ́ọ̀lù.

Ọlẹ̀ tó bá wà nínú ìyá ní ìyá tó ń dáàbò bò ó. Èyí tó wà nínú abọ́ kò lẹ́nì kankan. Ohun yòówù tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń fà símú, bí ẹ bá jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò tíì nímú. Lọ́fíńdà tó ń ta sánsán lára yín, kútẹ́ẹ̀sì, ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ọṣẹ ìfọlẹ̀ olóòórùn dídùn, májèlé ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí láàbù wa kò fi gbọ́dọ̀ ní òórùn kankan, ì báà ṣe dídùn, ì báà ṣe búburú. Iṣẹ́ Ìyá Onímú ni pé kó rí i dájú pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ ó rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lọ́fíńdà ló ń tà. Ọdún méjìlélógún gbáko ló fi tà á, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pò ó pọ̀. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀ takisí, sọ fún mi pé òórùn lòun tẹ̀ lé dé ìsọ̀ rẹ̀. "Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mi," ni baba náà wí, "mo paná mọ́tò, mo bọ́ sílẹ̀, ó tán." Lónìí, kò sí ìgò lọ́fíńdà kan nílé wọn mọ́, ọṣẹ tí kò lóòórùn ni baba ń fi wẹ̀. "Ìyàwó tí mo fi imú fẹ́, wọ́n ti sọ ọ́ di omi tútù mọ́ mi lọ́wọ́!" Bó bá sọ bẹ́ẹ̀ tán, òun náà ló máa kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyí. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó gbé báàgì lọ́fíńdà wá sẹ́nu ọ̀nà wa pé kí àwọn nọ́ọ̀sì wá rà. Ọ̀gá láàbù wa, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè, sáré jáde, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé báàgì rẹ̀ jìnnà. Inú bí ìyá náà. "Ẹ̀ ń lé mi nítorí òórùn," ó ní, "ẹni tó ń jẹ ọsàn nínú yàrá inú lọ́hùn-ún ńkọ́? Tirẹ̀ ò rùn ni?" Ọ̀gá padà wọlé, ó sì bá èèpo ọsàn nínú àpò ẹnì kan. Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ilẹ̀kùn mẹ́ta ló sì wà láàárín àpò mi àti imú obìnrin yẹn. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá wá a lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ pé kó wá bá wa ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, Ọlọ́sàn ni Ìyá Onímú ń pè mí. Mo ti kàwé, mo ti gboyè, mo ti di ẹni àgbà nídìí iṣẹ́ mi, Ọlọ́sàn náà ni mo ṣì ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Kì í ṣe imú nìkan ló ń bá wa lò o. Ó ń nu ilẹ̀, ó ń nu tábìlì. Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, òun ló ń wọn omi inú àwọn táǹkì wa. Afẹ́fẹ́ ni omi yẹn gan-an, wọ́n mú un tutù títí ó fi di omi, ìtutù rẹ̀ sì ju ti yìnyín lọ fíìfíì. Ibẹ̀ ni ọlẹ̀ tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó ń sùn sí. Ó lè sùn níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kó má fi ọjọ́ kan dàgbà. Ìyá Onímú á ki rúlà onígi bọ inú táǹkì, èéfín funfun á bò ó dé ìgbọ̀nwọ́, á fa rúlà jáde, á wo ibi tí yìnyín lẹ̀ mọ́ ọn dé, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. "Àwọn ọmọ mi sùn dáadáa," lohun tó máa ń wí.

Nínú táǹkì kejì ni ọlẹ̀ aránṣọ kan wà, ẹyọ kan ṣoṣo. Aránṣọ yìí jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń wá sọ́dọ̀ wa. Ọlẹ̀ mẹ́rin la rí fún wọn. A ti gbé mẹ́ta sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó dúró. Dókítà sì ti sọ ọ́ fún wọn láìfi bò pé kò sí ẹyin tí a tún lè rí gbà mọ́. Bí ẹ̀kẹrin yìí bá dúró, wọ́n di òbí. Bí kò bá dúró, ó parí nìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù sì ń ba èmi tí ọwọ́ mi máa jí i.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló yẹ kí n jí i, kí dókítà lè gbé e sínú ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án. Aránṣọ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sílẹ̀, Ọ̀gá dúró tì mí pẹ̀lú ìwé, nítorí ẹnì kan kì í dá ṣe irú iṣẹ́ yìí: ẹnì kan á ka orúkọ àti nọ́ńbà sókè, ẹnì kejì á dáhùn, kí ọmọ ẹlòmíì má baà ṣèèṣì bọ́ sínú abọ́ ẹlòmíì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nawọ́ sí ìdérí táǹkì ni Ìyá Onímú wọlé.

"Ọlọ́sàn, má ṣí i."

"Kí ló dé, mà?"

"Nǹkan kan ń rùn."

Mo fa afẹ́fẹ́ símú títí àyà mi fi wú. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ògiri, èyí tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò. Iná aláwọ̀ ewé ló ń tàn, ìyẹn ni pé kò séwu.

"Mà, ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan kan."

"Ẹ̀rọ yẹn ò tíì jí."

"Ìyá Onímú, ẹ jọ̀ọ́. Obìnrin yẹn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nǹkan yìí ní àkókò o!"

Kí n má tan yín, inú ń bí mi gidi. Àyà mi ti ń já tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ ṣe é kí n bọ́ níbẹ̀. Ìyá Onímú fi àáké kọ́rí. Ó lọ dúró síwájú táǹkì, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ó ní. "Èyí ò tiẹ̀ tíì lórí rárá. Bó o bá jí i tán, ṣé wàá ní kó tún padà lọ sùn ni?"

Mo wojú Ọ̀gá pé kó bá mi dá sí i. Ọ̀gá pa ìwé dé. "Bí a bá pẹ́ títí di aago kan, kò tíì bàjẹ́," ó ní. "Ìyá Onímú, ẹ bá wa wá a. Ọlọ́sàn, tẹ̀ lé wọn." Ọ̀gá náà ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ẹ bá mi wo ayé mi.

Mo tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kí n lè rí i bó ṣe máa jìnà sí òótọ́ ni. Ó gbé imú sókè, ó di ojú méjèèjì, ó ń tọ ògiri lọ. Ó dé ẹnu yàrá àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní kì í ṣe ibẹ̀. Ó dé balùwẹ̀, ó ní kì í ṣe ibẹ̀ náà. Ó dúró sábẹ́ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ láàbù, ó sì ní, "Ẹ̀yìn ilé." A gba ẹ̀yìn ilé. Yàrá ìkẹ́rùsí kan wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ńlá tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé fún wa wà. Mo ṣílẹ̀kùn.

Àpótí bàtà kan ló dúró síwájú ẹ̀rọ náà gan-an, ó ń dán gbinrin. Iṣẹ́ tó rẹwà ni, ojú kò sì lè fò ó: ihò méjìlá, ilẹ̀kùn kékeré méjì, igi tó pupa fòò. Mo fọwọ́ kàn án. Ìka mi lẹ̀ mọ́ ọn.

"Fáníìṣì," ni Ìyá Onímú wí. Òun nìkan ni ẹnu kò yà.

Ẹ̀rọ náà ti ń fa òórùn fáníìṣì tútù láti aago méje. Asẹ́ eléèédú tó wà nínú rẹ̀ ti ń bá a jà, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo sáré padà sí láàbù láti sọ fún Ọ̀gá, iná ara ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa aláwọ̀ ewé dà sí pupa. Ẹ̀rọ ti jí. Bó bá jẹ́ pé ti inú mi la ṣe ni, ọlẹ̀ aránṣọ ì bá ti wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn láti bí ìdajì wákàtí. Mo jókòó sílẹ̀.

Ta ló gbé àpótí wá? Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà ní ẹ̀bùn ni, pé ẹni tó gbé e wá ní kí òun bá a fi pamọ́ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ọkùnrin kan dìde láàárín àwọn tó jókòó, ẹ̀rín gba gbogbo ẹnu rẹ̀. Káfíńtà ni, ọkọ aránṣọ.

"Ẹ ti rí i ni? Ah, mo fẹ́ kó ya yín lẹ́nu ni, mà! Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rí bàtà yín káàkiri ẹnu ọ̀nà. Mo wá ní kí n kan nǹkan tí ẹ ó máa kó o sí. Àná ni mo parí ẹ̀."

Ta ló fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀bùn rẹ̀ ló fẹ́ pa ọmọ rẹ̀? Ìyá Onímú ló fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kò le rárá. Káfíńtà ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Èmi náà ni! Mo gbé! Ẹ jẹ́ kí n fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ jẹ́ kí n sun ún níná!"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sun nǹkan? Kí èéfín ẹ̀ tún wá wọlé bá wa? Ọmọ yín ò tíì jí, nǹkan kan ò ṣe é. Ẹ gbé àpótí yín sínú oòrùn lọ́hùn-ún. Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí. Ẹ̀yin, orí yín ò ní pá." Ó gbóòórùn rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Àmọ́ ẹ̀yin gan-an ń rùn o, bàbá. Irun yín, èékánná yín, gbogbo ara yín ni fáníìṣì."

Bí ọkùnrin yẹn ṣe gbé àpótí jù sẹ́yìn ọgbà nìyẹn, ló bá sọdá títì, ó lọ jókòó sórí pèpéle ilé òdìkejì. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí òórùn òun dé ọ̀dọ̀ ọmọ òun. Àtàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ ló fi wà níbẹ̀, ó ń wo fèrèsé yàrá ìyàwó rẹ̀, nígbàkúùgbà tí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, á dìde, á tún sún sẹ́yìn sí i.

A pààrọ̀ asẹ́. A jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tuntun fọ láàbù mọ́. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, iná ara ògiri padà sí aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n mi ò wò ó mọ́. Ìyá Onímú ni mò ń wò. Ó dúró sáàárín yàrá, ó dijú, ó fa afẹ́fẹ́ símú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan.

"Ó ti lọ. Jí ọmọ mi."

Ọ̀gá ka orúkọ, mo dáhùn. Ọ̀gá ka nọ́ńbà, mo dáhùn. Mo fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọlẹ̀ náà wà lórí rẹ̀ jáde nínú èéfín, kí ojú tó ṣẹ́ mo ti rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ó rún kóbókóbó bíi ẹ̀wà gbígbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń rí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mi ò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan rọra yọ síta. Nígbà tó fi di aago méjì ààbọ̀, ó ti wú, ó ti nà, ó yó bí ẹni tó sùn dáadáa.

"Ó jí, mà," ni mo wí. Omi bọ́ lójú mi sínú ìbomú.

Ìyá Onímú kò wo inú máíkírósíkóòpù, kì í wò ó rí. Ó ní nǹkan tí ojú òun ò bá mọ̀, òun kì í dá sí i. Ó ṣáà ń jó. A kì í pariwo ní láàbù, nítorí náà ó ń jó láìsí ohùn, apá sókè, ìdí sí ọ̀tún, ìdí sí òsì, bàtà rọ́bà rẹ̀ ń yọ̀ lórí ilẹ̀. Ọ̀gá mi jẹ́jẹ́ náà bá a jó. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

Nígbà tí dókítà fi ọ̀pá rírọ̀ gbé e sínú ìyá rẹ̀, aránṣọ rí i lójú ẹ̀rọ, àmì funfun kan báyìí, bíi orí abẹ́rẹ́. Ó gba fóònù, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ti gbé e sínú mi o!"

"Ṣé kí n máa bọ̀?" A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú fóònù, a tún gbọ́ ọ láti ojú títì.

"Má wá o! Jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́!"

Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sọ pé ó ti lóyún. Oyún náà sì dúró.

Àpótí bàtà kò wọlé ṣá. Abẹ́ òrùlé ẹ̀yìn ọgbà ló wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Ní gbogbo Mọ́ńdè, bí Ìyá Onímú bá wọn táǹkì tán, á lọ ki orí bọ inú ihò méjèèjìlá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kò tíì tó." Ikùn aránṣọ yọ, kò tíì tó. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ọmọ, kò tíì tó. Mo ní ṣé imú yẹn kì í dárí jini ni, ó ní kí n lọ jẹ ọsàn mi. Oṣù méjìlá ló pé kó tó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ yẹn gan-an la gbé e wọ ẹnu ilẹ̀kùn kìíní, mo sì ti bàtà mi bọ ihò kẹta.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé ọmọ wá kí wa. Obìnrin ni, ọmọ oṣù mẹ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ̀ bọ̀bọ̀. Gbogbo ilé ìwòsàn ló tú jáde. Aránṣọ ní òun fẹ́ fi yàrá tó ti sùn hàn án, ó gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn kejì. Ìyá Onímú wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn. Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì.

"Kò lè wọlé."

"Ìyá Onímú! Inú ibí yìí ló ti wá o!"

"Nígbà tó wà níbí, kò kun páúdà. Òfin lòfin."

Ẹ̀rín pa wá. Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Ìyá Onímú ṣí fìlà rẹ̀, ó jáde wá sóde fúnra rẹ̀, ohun tí kì í ṣe lákòókò iṣẹ́. Ó gba ọmọ, ó gbé imú lé àárín orí rẹ̀, ó dijú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ní, "Mà, kí lẹ gbọ́?"

"Páúdà," ó ní. "Òróró. Wàrà. Lọ́fíńdà ìyá àgbà méjì, ti ọ̀kan ò dáa." Ó tún fa afẹ́fẹ́ símú. "Fáníìṣì sì wà níbẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí."

Káfíńtà dá ẹ̀rín dúró, ojú rẹ̀ yí padà. "Mà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń wẹ̀ kí n tó gbé e! Màá tún..."

"Ẹ má wẹ̀ ẹ́ kúrò," ni Ìyá Onímú wí, kò sì gbé imú kúrò lórí ọmọ. "Òórùn bàbá ẹ̀ nìyẹn."